Bíréèkì Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Àkíbù

Tí ẹ bá dúró láàárín Ìgbó-Ọrà, tí ẹ ké "Ìyá Ìbejì!" lẹ́ẹ̀kan péré, obìnrin tó máa bojú wẹ̀yìn á pọ̀ ju ẹni tí ẹ ń wá lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ìyá Àkíbù ní Ìyá Ìbejì Ìsàlẹ̀-Ọba. Àkíbù ni Táyé, Mùnírátù ni Kẹ́hìndé. Mùnírátù ti wà nílé ọkọ ní Ayétẹ̀. Àkíbù ló kù nílé, tó ń fi gààrí ṣòwò, òun náà ló sì ra ọkọ̀ eré tó dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀.

Ọkọ̀ náà rẹwà, ká má parọ́. Ó dúdú, ó ń dán, ó lúgọ sílẹ̀ bí ológbò tó rí eku. Tòkunbọ̀ tó ti dàgbà díẹ̀ ni, àmọ́ eré kò tíì tán lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àkíbù ti ra bíréèkì ńlá sí iwájú rẹ̀, irú èyí tí àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìdíje ń lò. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ọsibítù ní Ẹ̀rúwà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú orúnkún rẹ̀, ewúrẹ́ kan já sí títì. Àkíbù tẹ bíréèkì. Imú ọkọ̀ wọlẹ̀, ìdí rẹ̀ gbéra sókè, gèlè Ìyá sì fò lọ bá gíláàsì.

Ìyá ṣí ilẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀. "Táyé, ó tó gẹ́ẹ́. Ọ̀kadà ni màá gùn."

Ọ̀kadà náà ló sì ń gùn. Àkíbù á máa wò ó bó ṣe ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún kó tó lè jókòó. Lọ́jọ́ tí Ìyá wá padà dé tòun ti ojúgun tí sálẹ́ńsà, páìpù gbígbóná tí èéfín ọ̀kadà ń gbà jáde, ti bó lára, ọmọ rẹ̀ mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ó pinnu pé bó bá gba kí òun tú ọkọ̀ yẹn palẹ̀, ìyá òun á wọ̀ ọ́.

Ó gbé e lọ bá Malachi, mẹkáníìkì tó wà lọ́nà Ìdèrè. Malachi sùn gbalaja sábẹ́ ọkọ̀, ó tan iná wò ó, ó yọrí.

"Iwájú nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Awo irin tí bíréèkì ń dì mú lẹ́yìn yìí, ó kéré, àfi bí ìdérí ìkòkò ọbẹ̀. A máa ra ńlá sí i."

"Báwo ló ṣe máa tóbi tó, Bọ̀ọ̀dá?"

Malachi, tí ìyàwó rẹ̀ ti bí ìbejì lé ìbejì, wò ó tìyanu-tìyanu. "Ìwọ Táyé lò ń bi mí? Ṣé wọ́n ń ra bàtà fún Táyé kí wọ́n fi Kẹ́hìndé sílẹ̀ ni?"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ta ló máa jiyàn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nílùú yẹn? Wọ́n ra awo irin tó bá ti iwájú dọ́gba, wọ́n ra bíréèkì tó máa dì í mú gírígírí. Malachi tú ti àtijọ́ dànù, ó de tuntun, ó fa afẹ́fẹ́ inú òróró bíréèkì jáde.

"Tẹ̀ ẹ́ báyìí," ó ní, "á dúró bí ìgbà tí wọ́n kàn án mọ́lẹ̀."

Wọ́n gbé e jáde kí wọ́n dán an wò kí Ìyá tó dé ìdí rẹ̀. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Níbi tí oko ẹ̀gẹ́ ti sún mọ́ títì, Àkíbù tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Kàkà kí ìdí ọkọ̀ dúró, ó yọ̀, ó ń bá imú du ọ̀nà, ọkọ̀ yí po. Nígbà tí ariwo fi máa rọlẹ̀, àárín ẹ̀gẹ́ ni wọ́n wà, wọ́n kọjú sí ilé.

"Táyé, o wà ńbẹ̀?"

"Mo wà ńbẹ̀, Bọ̀ọ̀dá. Alhamdulillah."

"Jésù ṣeun. Nu ẹnu ẹ, ewé ẹ̀gẹ́ wà ńbẹ̀."

Kí wọ́n tó wọ́ ọkọ̀ délé, ọlọ́kadà kan ti ròyìn fún Ìyá. Wọ́n bá a níwájú ilé. Kò pariwo. Ó yẹ Àkíbù wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó yẹ Malachi náà wò.

"Kí lẹ ṣe sí i?"

"Màámi, a ṣe é dọ́gba ni," Àkíbù dáhùn pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀. "Bí ẹ ṣe ṣe èmi àti Kẹ́hìndé."

"Èmi? Aṣọ ni mo rà fún yín dọ́gba. Nígbà tí mo bí yín, ìwọ ki pọ́pọ́, Kẹ́hìndé fúyẹ́ bí ìyẹ́. Bí mo bá fún un ní ọmú bí mo ṣe ń fún ọ, ṣé kò ní fún un lọ́rùn? Agbára ara kálukú ni mo ń wò."

Malachi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Mo mọ̀ ọ́n o! Bí ọkọ̀ bá ń dúró, iwájú ni gbogbo ẹrù ń ya lọ, ẹ̀yìn á fúyẹ́. Bíréèkì yẹn le jù fún un, ó di táyà pa. Ọ̀rọ̀ ìbejì ló gba làákàyè lọ́wọ́ mi."

Ó tún tú u. Èyí tó de sẹ́yìn lọ́tẹ̀ yìí tóbi ju ti àtijọ́, kò sì tó ti iwájú.

Lọ́jọ́ ọsibítù, Sàlámì, ọlọ́kadà tó máa ń gbé Ìyá, ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àkíbù kò bẹ ìyá rẹ̀, ó kàn ní kó wá wò ó. Ìyá dúró lẹ́bàá títì, ọmọ rẹ̀ ń sáré, ó ń dúró, ó tún ń sáré, títí ó fi sú Ìyá. Ìyá bá nawọ́ sí Malachi tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìwọ, wọlé síwájú."

"Èmi kẹ̀, Màmá?"

"Ìwọ lo ṣe é. Bó bá máa wọnú ẹ̀gẹ́, gbogbo wa la jọ ń wọ̀ ọ́. Sàlámì, máa tẹ̀ lé wa bọ̀."

Bí wọ́n ṣe jáde nílùú nìyẹn, Sàlámì lẹ́yìn wọn. Wọn kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí màlúù fi ya sí títì. Àkíbù tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ rọra jókòó sílẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn. Ó wo Ìyá nínú dígí: ọsàn ni Ìyá ń bó.

"Kí la dúró ṣe?"

"Màlúù ni, Màámi."

Ìyá ki ọsàn kan bọ ẹnu, ó mu ún tán. "Sọ fún Sàlámì kó máa padà lọ."