Orúnkún Tó Ń Sọ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin náà ti gbọ́? Ọmọ tí kò wọ kíláàsì rí láyé rẹ̀, tó jẹ́ pé bàbá àgbà rẹ̀ ló kọ́ ọ nílé, òun ló dé ọ̀hún tó wá ń... Àwọn àgbà mà ni o, àwọn tó tó bí ìyá rẹ̀! Lórí eékún wọn báyìí... Ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí i ló sọ ọ́. Èmi ò wí nǹkan kan o, ṣùgbọ́n...

Bí wọ́n ṣe ń gbé e láti ẹnu dé ẹnu nìyẹn, títí ó fi dé etí Bàbá Àgbà. Èmi ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ní mo ti gbàgbé ilé, pé ńṣe ni mò ń ní kí àwọn arúgbó kúnlẹ̀ ní kíláàsì mi nílẹ̀ òkèèrè, bí ìgbà tí tíṣà bá ń jẹ ọmọ tó pẹ́ dé níyà.

Bàbá Àgbà pè mí láàárọ̀ òní, bí mo ṣe ń múra kíláàsì. Wọn kì í pariwo. Bí inú bá ń bí wọn, ńṣe ni ohùn wọn máa ń lọ sílẹ̀.

"Ṣé wọ́n kúnlẹ̀ àbí wọn ò kúnlẹ̀?"

"Wọ́n tẹ eékún díẹ̀, sà, ṣùgbọ́n..."

"Ó tó. Èmi ni mo kọ́ ẹ. Tó bá jẹ́ pé ohun tí mo kọ́ ẹ nìyẹn, kó ẹrù ẹ, kó o máa bọ̀ nílé."

Kí n tó rí ẹnu là, wọ́n ti gbé fóònù sílẹ̀.

Bó ṣe jẹ́ gan-an rèé. Ọ̀fẹ́ ni mò ń kọ́ àwọn èèyàn ní Gẹ̀ẹ́sì níbí. Àwọn tó mú mi wá ló fún mi ní yàrá àti oúnjẹ. Òkè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń lẹ táyà ni kíláàsì mi wà. Òórùn rọ́bà máa ń bá wa gun àtẹ̀gùn wá, òtútù ibẹ̀ sì le débi pé mo máa ń wọ súwẹ́tà méjì léra, síbẹ̀ ṣọ́ọ̀kì á máa bọ́ lọ́wọ́ mi. Àgbà ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, wọ́n ní kí n máa pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Ṣé kí n máa pe bàbá tó ti di arúgbó lórúkọ gán-án ni? Mo bá ń fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn pè wọ́n: Bàbá Awakọ̀, Ìyá Aránṣọ, Bàbá Oníbúrẹ́dì. Ó dùn mọ́ wọn nínú.

Mo wá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kíni. Mo dúró níwájú Ìyá Aránṣọ, mo ní, "Gúùdù mọ́nìn, mà." Orúnkún mi tẹ̀ fúnra rẹ̀. Ta ló máa kí ìyá àgbà lóòró gangan? Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ṣe nǹkan kan. Àwọn ní tiwọn rò pé bí wọ́n ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn: ẹnu á ṣe tirẹ̀, orúnkún á sì ṣe tirẹ̀. Nígbà tí gbogbo wọn wá ń tẹ eékún kí mi láràárọ̀, mo rò pé àṣà ìlú wọn ni. Mo tiẹ̀ ń sọ lọ́kàn ara mi pé, áà, àwọn èèyàn yìí náà lẹ́kọ̀ọ́ ilé o!

Ìyá Aránṣọ ló máa ń yẹ̀ wọ́n wò. Bí orúnkún Bàbá Awakọ̀ ò bá tẹ̀ dáadáa, wọ́n á ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, Gẹ̀ẹ́sì ẹ ò tíì délẹ̀!"

Lánàá ni Ọ̀gá Obìnrin wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó mú mi wá, ẹni tó máa pinnu bóyá màá dúró tàbí màá lọ. Wọ́n gbé ife tíì lọ́wọ́. Kíláàsì dìde gìrì: "Gúùdù mọ́nìn, mà!" Gbogbo wọn sì rọ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀gá wò wọ́n títí. "Kí lẹ̀ ń ṣe yìí?"

"Gẹ̀ẹ́sì ni," Bàbá Awakọ̀ dáhùn.

Ìgbà yẹn gan-an ni Rédíò ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ ìlú wa lòun náà, ó ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìránṣọ ní yàrá kejì. Orúkọ tí gbogbo wa ń pè é nìyẹn, ó sì mọ ìdí rẹ̀. Ìwọ̀nba tó rí nìyẹn tó fi sáré lọ fi fóònù pe ilé.

Ní tèmi, ojú tì mí débi pé mo sá jáde lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn. Mò ń gbọ́ ohùn wọn nínú yàrá, ẹ̀rín ń bọ́ sí i, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà tí Ọ̀gá jáde, wọ́n gbá mi léjìká pẹ́pẹ́, wọ́n sáré wọ mọ́tò lọ.

Nítorí náà, lẹ́yìn tí Bàbá Àgbà pè, mo kàn lọ dágbére ni. Mo sọ fún kíláàsì pé ilé ti ránṣẹ́ pè mí, mo sì sọ ohun tí wọ́n gbọ́.

"Ta ló ní ká kúnlẹ̀?" Ìyá Aránṣọ fara ya. "Pe bàbá yẹn!"

Bàbá Awakọ̀ ti na ọwọ́. Mo pe Bàbá Àgbà, mo fa fóònù lé wọn lọ́wọ́, mo sì ṣí ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Gúùdù mọ́nìn, sà," ni wọ́n wí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ìkejì, kò sì sí èyí tó ṣìnà. "Akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ yín ni mí. Awakọ̀ ni mí tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní ká kúnlẹ̀. Òun ló ń tẹ eékún kí wa. A rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni."

Ni mo bá gbọ́ ẹ̀rín Bàbá Àgbà, èyí tó máa ń parí sínú ikọ́.

"Ta ló kọ́ yín ní èyí tí ẹ̀ ń sọ yìí?"

"Ọmọ yín ni, sà."

Orí mi wú. N kò mọ ìgbà tí mo di tábìlì mú.

"Ọ̀gá tí mo gbọ́ pé wọ́n wá wò yín ńkọ́? Kí ni wọ́n sọ? Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ o, mi ò fẹ́ àbùmọ́."

Bàbá Awakọ̀ ṣí fìlà. Wọ́n rò pé Ọ̀gá ti sọ ọ́ fún mi. Àwọn ní tiwọn, láti àná ni wọ́n ti ń tún un wí láàárín ara wọn. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni gbé omi tó kún dé etí:

"Wọ́n ní, 'Ẹ sọ fún tíṣà yín pé Gẹ̀ẹ́sì ò nílò orúnkún. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ò lè béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ èèyàn tẹ́lẹ̀, ẹ ti bá mi sọ̀rọ̀ títí tíì mi fi tutù. Ẹ má jẹ́ kó lọ síbì kankan.'"