Àlàfo Tí Onígò Fi Sílẹ̀

Mo ń gbẹ́ pẹ́ńsù lọ́wọ́ nígbà tí ìròyìn dé pé ẹ̀gbọ́n mi ti kú sí ilé ìwòsàn. Ọ̀gá wa ni wọ́n pè. Ó gbé fóònù sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, “Àbúrò Onígò, jókòó.” Mo ti jókòó tẹ́lẹ̀. Ìgbà náà ni mo mọ̀.

Iṣẹ́ kan náà ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe: à ń ka òkúta bí ẹni ń ka ìwé, kí a lè mọ ohun tó wà nínú ilẹ̀. Onígò ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì nítorí ìgò tí kì í kúrò lápá rẹ̀. Àwọn aláwàdà ní ọtí ni. Omi lásán ni. Bó bá débi òkúta, á da omi sí i, àwọ̀ rẹ̀ á sì jáde. Á ní, “Òkúta tí kò tíì bọ́jú, má bá a sọ̀rọ̀.”

Òkè kékeré kan ni a ń yẹ̀ wò nítorí ohun àlùmọ́nì tí à ń pè ní yuréníọ̀mù. Ẹ̀gbọ́n mi ti rí ibi méjì tó wà, ọ̀kan ní ìwọ̀ oòrùn, èkejì ní ìlà oòrùn. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni omi òjò ti ń wọnú òkúta akọ, tó ń yọ́ yuréníọ̀mù kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó ń gbé e gba ojú ibi tó sán. Níbi tí omi náà bá ti kan òkúta dúdú, ibẹ̀ ni yóò sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Lójú ilẹ̀, èépá tó pọ́n bí ìyeyè nìkan lojú ń rí. Láàárín ibi méjèèjì, erùpẹ̀ bo òkúta mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò kun ibẹ̀ lórí máàpù. Ohun tó bá fojú rí nìkan ló ń kùn. Ibi tí kò rí, funfun ni yóò fi í sílẹ̀.

Kò pẹ́ tí a sin ín tí ọ̀gá pè mí sí yàrá rẹ̀. Máàpù náà wà lórí tábìlì, pẹ́ńsù pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Àwọn tó fẹ́ ra òkè náà ń bọ̀. Kun àárín yẹn kó di ọ̀kan. Ta ni kékeré méjì máa wù?”

“Ta ló rí àárín, sà?”

“Bí a bá rí orí lọ́tùn-ún, tí a rí ìrù lósì, ṣé kò sí ara láàárín ni?”

“Ẹran méjì ló lè jẹ́, sà. Ọ̀kan yọrí, èkejì yọ̀dí.”

Kò rẹ́rìn-ín. “Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ ló wà nísàlẹ̀ máàpù yìí, òun ni wọ́n gbà gbọ́. Kò sì lè bá wa jiyàn mọ́. Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Ìwọ ni eérú tó fi sílẹ̀.”

“Eérú náà ṣì gbóná, sà.”

Omijé ń bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo ká máàpù náà, mo fi há abíyá.

“Ẹ gbẹ́ àárín náà, sà. Bí yuréníọ̀mù bá wà níbẹ̀, ọwọ́ mi yìí ni n ó fi kùn ún. Bí kò bá sí, ẹnikẹ́ni kò ní fi orúkọ òkú parọ́ níṣojú mi.”

“Bí mo bá lé ọ lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́?”

“N ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, n ó máa sọ ọ́ fún àwọn tó ń bọ̀ wá rà á.”

Ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbẹ́ ẹ tán, mo kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti bu omi kún ìgò náà dè mí.

Ó ní, “Àǹtí, ẹ má gbà fún wọn o.”

“N ò gbà.”

Ní ìwọ̀ oòrùn òkè náà, ẹ̀rọ tí a fi ń wá yuréníọ̀mù ń ké kíkankíkan. Bí èmi àti ọ̀gá ṣe ń lọ sí àárín, igbe rẹ̀ ń rọlẹ̀. Nígbà tí mo gbé e sínú kòtò, ó wá ń dún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí omi tó ń kán lẹ́tí òrùlé lẹ́yìn òjò.

Ọ̀gá ní, “Eruku ló bò ó.”

Mo ṣí ìgò, mo da omi sí i. Òkúta akọ ló jáde, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó le koko, kò sán níbi kankan. Kò sí òkúta dúdú, kò sí èépá.

“Ẹran méjì ni,” ni ọ̀gá wí. “O ti ba ọjà jẹ́.”

“Kò sí ọjà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, sà.”

Ó lọ sídìí ọkọ̀. Mo tẹ́ máàpù lé orókún, mo sì kun àlàfo náà ní àwọ̀ òkúta akọ, nítorí mo ti rí i.

Omi díẹ̀ ṣẹ́kù nínú ìgò. Mo gun òkè lọ síbi òkúta tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń jókòó lé sinmi, mo sì fi bọ́jú fún òkúta náà.