Ẹ̀sìn Wo Ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáṣeéùn Ń Ṣe?

Mo lá àlá kan lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ sì jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó rẹ́rìn-ín, nítorí inú ṣì ń bí mi.

Ẹ mọ̀ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáṣeéùn ló kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn ní yunifásítì. Nígbà tí wọ́n kú, tí a sì fẹ́ ṣe ìrántí wọn, ìgbìmọ̀ ètò náà ní èmi ni kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn, ojú ewé kan péré. Mo kọ ọjọ́ ìbí, mo kọ ìwé ẹ̀rí, mo kọ ìpàdé àpérò mẹ́tàdínlógún tí wọ́n lọ. Mo kà á, ó dà bíi lẹ́tà ìwáṣẹ́. Bàbá tí mo mọ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. Ọjọ́ kejì sì ni ìrántí, atẹ̀wé ń dúró. Ibi tí mo ti ń wo bébà yẹn lórí tábìlì ìjẹun ni oorun ti gbé mi lọ.

Àfi bí mo ṣe bá ara mi nídìí igi máńgòrò kan, tí mo mú bébà mi dání, mo fẹ́ lọ gba òǹtẹ̀. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ náà wà lókè, ó ń fì, okùn ìsáṣọ ni wọ́n fi so ó mọ́ igi kó má baà bá atẹ́gùn lọ. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó bí mi nínú ni pé àkàbà wọn ò dé ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ bàtà gíga ni mo wọ̀.

Akọ̀wé àgbà ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Akínwọ̀ọ́nmí, wo bébà mi láti òkè délẹ̀.

"Màdáàmù, ẹ ò kọ ẹ̀sìn olóògbé síbí."

"Ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ni wọ́n fi ogójì ọdún kọ́ wa, sà."

"Mo gbọ́. Èwo ni wọ́n ń ṣe nínú ẹ̀? Ojú kan ṣoṣo lẹ lè fàmì sí."

"Wọn ò sọ fún wa rí, sà."

"Tí kò bá sí ẹ̀sìn, kò sí òǹtẹ̀. Tí kò bá sí òǹtẹ̀, kò sí ìrántí. Ẹ lọ mú ẹlẹ́rìí wá."

Mo ṣí ilẹ̀kùn láti jáde, inú kíláàsì wa àtijọ́ ni mo já sí. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ti ń dúró dè mí: ẹní ìkírun kan, bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì kan, àti àpótí ìjókòó kékeré kan tó ní àgbàlá àwọn olórìṣà lòun ti wá. Wọ́n ti ń jà kí n tó dé.

"Tiwa ni wọ́n," ẹní wí. "Gbogbo ààwẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń ṣínu."

"Oúnjẹ lò ń pè lẹ́sìn?" bẹ́ǹṣì fèsì. "Èmi ni wọ́n ń jókòó lé lọ́jọọjọ́ Ìsinmi. Tí ìwàásù bá gùn, orí mi ni wọ́n ń sùn sí. Ṣé èèyàn máa ń sùn nílé onílé ni?"

Àpótí kàn rẹ́rìn-ín. "Ẹ pe orúkọ bàbá wọn kí n gbọ́ ná."

Mo ní kí wọ́n dákẹ́. Wọn ò dákẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn sú mi, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó kó mi sí i: Bàbá fúnra wọn ni. Lọ́dún àkọ́kọ́ wa, wọ́n máa ń rán wa lọ síbi ìsìn tí kì í ṣe tiwa. Wọ́n á ní, "Ẹ má béèrè ohun tí wọ́n gbà gbọ́. Ẹ wo ohun tí wọ́n fún yín jókòó lé. Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Òótọ́ ni. Ìdí rẹ̀ ló fi ń ríran." Èmi ọmọ Àfáà Súnmọ́nù wọ ṣọ́ọ̀ṣì fúngbà àkọ́kọ́, ìyá arúgbó kan sì tú gèlè orí rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì fún mi nítorí eruku. Gèlè yẹn tí mo kọ ìròyìn nípa rẹ̀ ló jẹ́ kí n gba máàkì tó ga jù ní kíláàsì. Mo fẹ́ràn Bàbá yẹn, ẹ gbọ́. Mo fẹ́ràn wọn gan-an ni.

Mo wọ́ àwọn ẹlẹ́rìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ, ọ́fíìsì sì ti ṣí kúrò níbi tí mo fi í sí. Ó ti fì lọ sórí òrùlé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Akínwọ̀ọ́nmí ti di òbúkọ. Táì rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn, ó ń jẹ bébà mi.

"Ẹ káàbọ̀, Màdáàmù. Bébà yìí ti lọ. Ẹ lọ gba fọ́ọ̀mù tuntun ní wíńdò kẹta."

"Ta ló jẹ ẹ́?"

"Ìgbìmọ̀ ni."

Ewúrẹ́ tó wà ní wíńdò kẹta ní òun ń mu tíì, kí n padà wá tó bá di Mọ́ńdè. Lẹ́yìn rẹ̀, òbúkọ mọ́kànlá yí tábìlì ká, wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbàdúrà níbi ìrántí. Wọ́n gbà láti dìbò. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ka ìbò, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán.

Orí mi gbóná. "Ẹ̀yin ewúrẹ́ wọ̀nyí! Èèyàn ló kú o! Èèyàn gidi! Ṣé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀ nípa wọn ò ju ojú kan lórí fọ́ọ̀mù lọ ni?"

Òbúkọ onítáì gbé ojú sókè. "Ẹ̀yin náà ńkọ́, Màdáàmù? Kí lẹ kọ? Ìpàdé àpérò mẹ́tàdínlógún. Mo jẹ ẹ́, kò níyọ̀."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lábẹ́ tábìlì, mo bẹ̀rẹ̀ wò, Bàbá ni! Wọ́n jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ àwọn òbúkọ, wọ́n ń fi bírò pupa máàkì. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sọ ẹ̀sìn yín fún mi kí n lè máa relé."

"Ráfátù," wọ́n wí, "nígbà tó o wá kí mi kẹ́yìn, kí ni mo fún ọ jókòó lé?"

Mo fẹ́ purọ́, ahọ́n mi ò gbà. Ẹ̀yin ará, mo lọ wo Bàbá nígbà tí àìsàn dé. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, ọkọ mi ò tiẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Bàbá tó ń fi ọ̀pá rìn wọ́ àga jáde láti ìyẹ̀wù fúnra wọn, ariwo rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì ṣì wà létí mi. Wọ́n ní, "Jókòó, ọmọ mi." Mo ní, "Rárá sà, à ń sáré ni. A ó padà wá."

"Àga ni, sà," mo dáhùn lábẹ́ tábìlì yẹn. "Ẹ̀yin lẹ wọ́ ọ jáde. Mi ò jókòó."

Bàbá ò bínú. Wọ́n na bébà funfun kan sí mi. "Bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀."

Fóònù ló jí mi. Alága ìgbìmọ̀ ni.

"Màdáàmù, ẹ kú ọ̀sán o. Àwọn atẹ̀wé ń yọ wá lẹ́nu. Ṣé àgbélébùú ni kí wọ́n yà sẹ́yìn ìwé ètò ni, àbí òṣùpá? Wọ́n ní àyè ohun kan ṣoṣo ló kù."

"Kí wọ́n ya àga."

"Àga kẹ̀? Màdáàmù, ṣé ẹ ti kọ ìtàn yẹn ṣá?"

Mi ò tíì kọ nǹkan kan tó níyọ̀. Mo ní, "Ẹ fetí sílẹ̀, ohun tí mo fẹ́ kà lọ́la nìyí," mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wọn, níbi tí mo dúró sí.