Lọ́fínńdà Lórí Igi Rósì

...òmíràn tún já nìyẹn. Mi ò tíì fọwọ́ kàn án. Ewé méjìdínlógún láàárọ̀ yìí nìkan, pẹ̀lú èyí tó há sí mi ní bàtà. Tó bá di aago méjì ọ̀sán, nọ́ọ̀sì máa tú báńdéèjì kúrò lójú Màmá, ìyá tó bí ìyá mi. Ọdún kan gbáko ni awọ funfun fi bo ojú náà. Lánàá, kí wọ́n tó gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, kí ló sọ fún dókítà? "Tí mo bá délé, rósì mi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí." Kò dárúkọ mi. Rósì.

Ó dáa. Kò ní kú. Mo ní kò ní kú.

Jẹ́ kí n tún un wò láti ìsàlẹ̀. Àwọn ewé ìsàlẹ̀ pọ́n bí ọsàn, àmì dúdú róbótó-róbótó sì wà lára wọn, bí ẹni pé ẹnì kan ti ìka bọ íǹkì, ó wá ń tẹ̀ ẹ́ káàkiri. Bàbá Olódòdó, tó ń ta igi òdòdó ní ìkòríta, ṣàlàyé rẹ̀ fún mi níjẹta. "Àrùn tó ń ràn ni. Omi tó ń dúró lórí ewé ló fà á. Já wọn, ṣa gbogbo èyí tó bọ́ sílẹ̀, má fi ọ̀kan sílẹ̀." Mo ti já wọn. Mò ń ṣa wọn. Omi ńkọ́... "Ta ló ń bomi rin ín?" Mo ní èmi ni, àti Màmá, àti bọ̀ọ̀dá mi nígbà tó bá rántí. Ó wò mí títí. "Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ṣé rósì lẹ gbìn ni, àbí ẹja lẹ ń sìn?"

Mi ò lè bínú sí bàbá yẹn. Ó dùn mí pé kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ìka nínú erùpẹ̀, dé oríkèé kejì. Ó ṣì tutù. Kò sí omi lónìí nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò rùn mọ́. Níjẹta, ó ń rùn bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sínú báàfù.

Kòkòrò wẹ́wẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọ̀mùnú rẹ̀ — mo ti fi omi ọṣẹ wẹ̀ wọ́n, mo sì fi omi lásán ṣàn án. Gbogbo wọn ti... ìwọ, mo rí ọ. Ó tán.

Ó wá ku eléyìí. Etí ewé tó gbẹ, tó jó, tó ń rún lọ́wọ́. Kì í ṣe àmì dúdú, kì í ṣe kòkòrò. Bàbá Olódòdó gbé ewé kan sí imú, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó tún un gbọ́. "Kí ni mò ń gbọ́ yìí?" Mo tẹjú mọ́ bàtà mi. Èmi, tí ẹnu mi ló lé mi kúrò nílé ìwé. "Lọ́fínńdà ni? Ọtí ló wà nínú rẹ̀, ọmọ mi. Ọtí lò ń dà lé igi lórí."

Ó ti tó oṣù méjì báyìí. Màmá ń fọwọ́ wá òdòdó láàárín ẹ̀gún, ó ní, "Kò tíì yọ?" Mo ra rósì mẹ́fà tí wọ́n fi aṣọ ṣe, mo fi wáyà tín-ín-rín so wọ́n mọ́ ẹ̀ka. Mo fà á lọ́wọ́ wá, mo ní wọ́n ti yọ. Ó rí pupa bàìbàì, ó rẹ́rìn-ín. "Kí ló dé tí wọn ò ta sánsán?" Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ń ta sánsán. Mò ń fín lọ́fínńdà sí wọn lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jí. Bọ̀ọ̀dá mi gbé ìgò òfìfo sókè. "Ìjàngbọ̀n, ìwọ lo lo lọ́fínńdà mi tán? Ta lò ń rí?"

Rósì ni mò ń rí.

Bọ̀ọ̀dá yẹn kan náà, láàárọ̀ yìí, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀: "Ra òmíràn, pààrọ̀ rẹ̀. Màmá ò ní mọ̀." Ọgbọ́n gidi ni. Ní oṣù tó kọjá, ǹ bá ti pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Màmá ló gbin eléyìí, láti ara ẹ̀ka kan ṣoṣo, kí wọ́n tó bí mi...

Rárá. Àlùmágàjí bọ̀ọ̀dá mi ni mo mú wá. Bàbá Olódòdó ní kí n gé e dé ibi tí inú rẹ̀ ti funfun, kí ojú ibi tí mo gé fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Mo gé e. Inú rẹ̀ pọ́n bí ìpẹtà. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo tún gé e — ìpẹtà. Ẹ̀gún gún mi. Mo tún sọ̀ kalẹ̀... funfun. Ó funfun, awọ tútù yí i ká. Ó wà láàyè. Ìkejì, ìkẹta. Ó ku ọ̀pá ẹ̀ka márùn-ún, wọn ò ga ju orúnkún mi lọ.

Ohun tí Màmá máa rí nìyẹn. Ọ̀pá márùn-ún.

Kì í sì í ṣe ìyẹn ló ń dùn mí. Kí ló wá ń... Nígbà tí mo rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ̀ọ̀dá mi pọ̀, ó ṣubú, mo rẹ́rìn-ín, ó lé mi kárí ilé, òun náà rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ kì í ṣú kí n tó sọ. Òfin mi nìyẹn: ẹni tí mo bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ gbọ́dọ̀ gbọ́, kó rí mi nà. Ṣùgbọ́n eléyìí... Gbogbo àárọ̀ ni Màmá ń pe àwọn ayálégbé, "Ẹ wá wo rósì mi," èmi á dúró lẹ́yìn rẹ̀, màá ṣẹ́jú sí wọn. Gbogbo wa là ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa, àfi òun tó ni rósì.

Ìyẹn kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mọ orúkọ tó ń jẹ́.

Tó bá jẹ́ ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ fún un, òpùrọ́ ni mí. Ẹnu mi ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Kí n fọ ẹ̀jẹ̀ yìí kúrò lọ́wọ́, kí n máa lọ. Tó bá di aago méjìlá, màá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ pẹ̀lú báńdéèjì lójú rẹ̀ síbẹ̀, màá sọ gbogbo rẹ̀, títí kan wáyà. Màá jókòó síbi tí ọwọ́ rẹ̀ á ti lè tó etí mi.