Ògbufọ̀ Ilé Ọkọ Àtijọ́

Ẹ̀yìn ọrùn Olúyọmí ni Adétóun kọ́kọ́ rí. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ẹní níwájú àlejò tó wá láti Lómè, iwájú orí rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó ti sanra. Láti ọdún kẹta ni Adétóun kò ti fojú kan ọkùnrin tó jẹ́ ọkọ rẹ̀ rí yìí, ó sì dùn mọ́ ọn nínú pé ilẹ̀ ni òun bá a.

Bàbá Walter, olórí ẹbí, nawọ́ sí àga tó wà láàárín òun àti àlejò. Ọ̀rẹ́ Olúyọmí tó yẹ kó wá ṣe ògbufọ̀, mọ́tò rẹ̀ ti kú sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Àlejò náà, Ọ̀gbẹ́ni Kójò, kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti ń múra àtibínú lọ. Ó ní òun kò ní fi Afí, ọmọbìnrin òun, fún ilé tí òun kò bá fúnra òun wádìí. Olúyọmí gbọ́ Faransé dáadáa o, ṣùgbọ́n nínú ẹbí yẹn, ọkọ ìyàwó kì í lanu lọ́jọ́ ìwádìí. Àwọn àgbà ní í sọ̀rọ̀. Tirẹ̀ ni kó wà nílẹ̀ kó máa gbọ́.

Màmá Rachel, ìyá Olúyọmí, jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń fi etí ìborùn nu òógùn. Òun ló sọ fún Bàbá Walter lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn pé Adétóun ló kọ ọkọ sílẹ̀, pé wọ́n túká láìjà. Bàbá gbà á gbọ́, ìdí nìyẹn tó fi ránṣẹ́ pe Adétóun láàárọ̀ yìí láìfura. Màmá kò sì lè ní kí wọ́n má pè é, àfi tó bá fẹ́ jẹ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ irọ́ gbuu ni. Nígbà tí tọkọtaya náà dé Lómè, Adétóun ló kọ́kọ́ gbọ́ Faransé. Ìdí àtẹ ẹja yíyan ló ti kọ́ ọ. Èébú ló fi bẹ̀rẹ̀, nítorí èébú ni àwọn oníbàárà ń bù ú. Olúyọmí ń tijú àṣìsọ, inú yàrá ló ń há mọ́. Tí Adétóun bá délé nírọ̀lẹ́, á fi iyọ̀ hàn án, á fi omi hàn án, á fi ètè ara rẹ̀ hàn án, á ní kó pè é. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí Faransé fi já geere lẹ́nu ọkọ rẹ̀, tó fi ríṣẹ́ akọ̀wé. Lẹ́yìn náà ni ìyá Adétóun kú ní Ìjẹ̀bú-Imusin. Ó wálé wá sin òkú, ni ìjọba bá ti ẹnubodè. Kí wọ́n tó ṣí i, Màmá Rachel ti da ẹrù rẹ̀ síta, ó ní ọmọ òun ránṣẹ́ pé òun kò fẹ́ àgàn mọ́. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Nítorí náà, kí Adétóun tó délé wọn lónìí, ó ti to irọ́ jọ. Yóò sọ fún àlejò pé wèrè ń bẹ nínú ìdílé náà. Yóò ní ẹ̀tẹ̀ ló pa bàbá Olúyọmí. Wọ́n ní bí ọwọ́ ọmọ kò bá tíì tẹ èèkù idà, kì í bèèrè ikú tó pa bàbá rẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló fi èèkù lé e lọ́wọ́ yìí.

Kójò bèèrè nípa oko àti ilé, ó bèèrè nípa ṣọ́ọ̀ṣì. Adétóun túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí. Kójò bèèrè nípa àrùn, Bàbá Walter sì ní kò sí, àfi orúnkún tó máa ń dun àwọn àgbà wọn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tẹ̀ ń yún Adétóun lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó mú un mọ́ra, ó ń wá ibi tí yóò ti wọ̀ wọ́n lára jù.

Kójò wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n má bínú, bàbá ọmọ kò lè ṣe kó má bèèrè. Irú ikú wo ló pa ìyàwó tí Olúyọmí kọ́kọ́ fẹ́?

 Adétóun wo ẹ̀yìn ọrùn tó wà nílẹ̀ náà.  Gbogbo irọ́ tó kó wá, kò sí ọ̀kan tó burú tó èyí tí Olúyọmí ti pa fún wọn ní Lómè. Ó kọjú sí Bàbá Walter, ó sì túmọ̀ ìbéèrè náà láìfi kún un, láìyọ nínú rẹ̀.

 Màmá Rachel ló fèsì, kò sì wo ojú Adétóun.

"Sọ fún wọn pé ibà ni."

Adétóun dúró kí Bàbá Walter bá ìyàwó ẹbí yìí wí. Bàbá ń wo ilẹ̀. Kò fẹ́ kí ìgbéyàwó náà bàjẹ́.

Inú wá bí Adétóun débi pé ohùn rẹ̀ balẹ̀. Ó yíjú sí àlejò, ó sọ ọ́ ní Faransé, díẹ̀díẹ̀, kí ẹni tó wà nílẹ̀ lè gbọ́ ọ yékéyéké.

"Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé ibà ló pa mí."

Olúyọmí fò dìde lórí ẹní. "Adétóun, dákẹ́!"

Ó ti lanu níbi tí ọkọ ìyàwó kì í ti í lanu, orúkọ tó sì yẹ kó wà nínú sàréè ló pè. Ojú Kójò kúrò lára rẹ̀, ó bọ́ sára obìnrin náà. Kójò pe orúkọ náà fúnra rẹ̀, bí ẹni tó ti gbọ́ ọ tipẹ́. Adétóun ní òun ni. Kójò dé fìlà rẹ̀, ó dìde.

Bàbá Walter bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, Adétóun sì túmọ̀ èyí náà fún un. Bàbá sọ pé kò sẹ́ni tó ń fi ẹnu sin ọmọ ọlọ́mọ láàyè, ó sì ní kí Olúyọmí ká ẹní òun kúrò nílẹ̀. Màmá Rachel ti bo ojú.

"O ti pa mí," Olúyọmí wí.

"Òkú kì í pànìyàn," ni Adétóun dá a lóhùn. Ó gbádùn rẹ̀ dọ́kàn. Ó rọra tún ìró ró kó tó jáde.

Kójò bá a níta. Ó ní ọmọ òun fẹ́ràn ọkùnrin yìí gan-an. Ó tún ní ohun kan wà tó yẹ kí Adétóun mọ̀.

"Tó bá ti di ọjọ́ ìrántí àwọn òkú, Afí máa ń tan àbẹ́là fún yín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó máa ń sunkún. Ó ní obìnrin tó kú láìbímọ, ta ni yóò máa rántí rẹ̀? Kí ni kí n wá sọ fún un?"

 Ohun tí Adétóun ṣe nínú ilé lọ́hùn-ún kò dùn ún. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ láyé yìí, ẹni tí kò rí i rí nìkan ló sunkún rẹ̀. Ẹni náà sì ni ọ̀rọ̀ òní yóò pa lẹ́kún.

"Ẹ bá mi kí i," ló wí níkẹyìn. "Ẹ sọ fún un pé mo gbọ́."