Ohun Tó Wà Ṣáájú "Ó Yá"

"Ṣé Bàbá ti dárí jì mí?"

Ẹ̀gbọ́n ló bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ti ń gé fíìmù ló dúró sí, báàgì rẹ̀ wà léjìká, kò wọlé, kò jáde. Àbúrò rẹ̀ tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tẹjú mọ́ ìka ara rẹ̀. Obìnrin tó darí fíìmù náà, tí gbogbo ìjọ ń pè ní Tún-un-Ṣe nítorí pé ohun tó máa ń sọ jù nìyẹn, ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú àpò rẹ̀.

"Mo ti gbọ́," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Ọkọ̀ ti ń kún ní gáréèjì. Tó bá ti kún, mo ti lọ nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má sì retí mi mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n parí ibì kan yìí ná."

"Kí n lè tún wo bí Bàbá ṣe dúró bí òpó iná?"

Nígbà tí ìyá wọn dùbúlẹ̀ àìsàn, Ẹ̀gbọ́n ti bá iṣẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Kò gbé fóònù, kò sì yọjú síbi ìsìnkú. Nígbà tó padà dé, Bàbá, káfíńtà tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ṣílẹ̀kùn fún un, ó fi yàrá hàn án, ó sì padà sídìí pákó tó ń fá. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ àárín wọn ò ju "káàárọ̀" àti "ó dàárọ̀" lọ.

Tún-un-Ṣe ló ro ọgbọ́n kan. Ìjọ fẹ́ ṣe fíìmù lórí ìtàn tí Jésù sọ nípa baba tí ọmọ rẹ̀ lọ tó sì padà. Ó ní kí Bàbá ṣe baba, kí Ẹ̀gbọ́n ṣe ọmọ. Ó rò pé tí wọ́n bá ti dì mọ́ra níwájú kámẹ́rà, ọ̀rọ̀ á tán. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí wọ́n ya ibẹ̀, ńṣe ni Bàbá ń rìn wá jẹ́jẹ́, á fọwọ́ kan ọmọ léjìká bí ẹni tó ń wò ó bóyá ọ̀dà ti gbẹ lára àga, á sì dúró síbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yìí gan-an ni ìjọ máa wò ó.

Àbúrò ò gbà pé ibi tó mọ nìyẹn. Irú èèyàn tí aago kan kì í kú lójú rẹ̀ kó má tú u wò ni. Ó ti to àwòrán náà síwá sẹ́yìn, kò bára mu. Nǹkan kan kù.

"Àǹtí," ló ní, "baba inú ìtàn yẹn, ṣé ó dúró gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ni?"

"Ẹ̀bẹ̀ kẹ̀? Ọmọ ṣì wà lókèèrè tó ti sáré."

"Kí ló wá dé tí Bàbá wa ò sáré?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n máa rìn jẹ́jẹ́. Kámẹ́rà ò lè bá wọn sáré."

Àbúrò yí àga rẹ̀ padà. "Ta ló máa ń sọ fún òpó pé kó má sáré? Ṣé wọ́n ti kọ́kọ́ sáré ni?"

"Háà, ní ìgbà àkọ́kọ́, mi ò tíì ní 'ó yá' pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ti gbéra. Mo ní kí wọ́n padà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ta Àbúrò jí. Òun kì í wo ohunkóhun tó bá wà ṣáájú "ó yá". Etí ló fi ń ṣiṣẹ́: ibi tó bá ti gbọ́ ariwo Tún-un-Ṣe ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gé, á pa ohun tó ṣáájú rẹ̀ tì láìwò ó.

Fóònù Ẹ̀gbọ́n dún. "Ó ku èmi nìkan? Mo ń bọ̀." Ó yíjú padà.

Àbúrò fò dìde, ó di okùn báàgì mú.

"Ṣé orí ẹ dàrú ni? Èmi lò ń fa báàgì mọ́ lọ́wọ́?"

"Ẹ nà mí tẹ́ ẹ bá wò ó tán!"

Ó fi ọwọ́ kejì tẹ kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà náà ń ronú, ó ń ronú, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ń kánjú. Ẹ̀gbọ́n fa báàgì. Àbúrò ò jù ú sílẹ̀.

Àwòrán yọ. Bàbá dúró níwájú ilé nínú aṣọ eré, obìnrin kan ń bá a tún ọrùn aṣọ ṣe. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo nítòsí. Ẹ̀gbọ́n kọjá níwájú kámẹ́rà, ẹrù eré léjìká, ó kọ ẹ̀yìn sí ilé, ó ń lọ síbi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà. Kò bojú wẹ̀yìn.

Bàbá gbá ọwọ́ obìnrin náà dànù. Ó sáré. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yọ, kò dúró mú un. Ẹ̀rọ agbóhùn tí wọ́n há mọ́ ọn láyà gbé ohùn rẹ̀ jáde ketekete, ohùn tí jẹnẹrétọ̀ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ lọ́jọ́ náà:

"Má lọ. Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má lọ mọ́."

Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n yọ lára báàgì.

"Bàbá!" ni Tún-un-Ṣe ń ké láti òkèèrè nínú àwòrán. "Mi ò tíì ní ó yá o! Ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ ló ń lọ!"

Nínú yàrá, Tún-un-Ṣe bo ẹnu rẹ̀. "Mo rò pé wọ́n kàn yára jù ni."

Bàbá dúró láàárín ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó wo ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ títí tí ìyẹn fi dé ìsàlẹ̀ ọ̀nà tó sì dúró. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í padà, ó sì ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mo rò pé ó tún ń lọ ni."