Ibi Tí Ohùn Rẹ̀ Ti Fọ́

Ẹni tó sọ ọ́ ní Agídí ò purọ́ mọ́ ọn. Gbogbo ẹbí ní kó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó gbé gìtá kọ́rùn, ó ní búlúùsì pọ̀ mọ́ rọ́ọ̀kì lòun máa kọ. Kí ni kí wọ́n wá pè é, Ìwàpẹ̀lẹ́? Àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ tà wàràwàrà. Èkejì ló dìjà.

Bàbá rẹ̀ tó kú ló kọ orin kẹsàn-án inú àwo náà fún. Lọ́jọ́ tó ń kọ ọ́ ní sítúdíò, nígbà tó dé ibi tó ti ní "Bàbá mi, dáhùn," ohùn rẹ̀ fọ́ yángá. Ó sunkún, ó sì kọ ọ́ parí bẹ́ẹ̀. Injiníà tó ń gba ohùn sílẹ̀ bi í bóyá káwọn tún un ṣe. Ó ní rárá, òun ò lè sọ ọ̀rọ̀ yẹn báyẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n fi orin tó ti parí ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀. Òun àti ìyá rẹ̀ jókòó ní pálọ̀, wọ́n ń gbọ́ ọ. Nígbà tó dé ibẹ̀, ohùn náà lọ gbọọrọ, ó ń dán bíi táìlì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.

Ìyá rẹ̀ gbójú sókè. "Ibo ni wọ́n gbé ẹkún ẹ sí?"

Háà! Agídí dìde. Sálúbàtà ilé ló wọ̀ dé ọ́fíìsì ọ̀gá tó ń gbé àwo náà jáde, ìyá rẹ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn: "Rọra o! Èmi kì í ṣe ọmọ ogún ọdún!"

Ọ̀gá ń mu tíì. Injiníà wà nídìí kọ̀ǹpútà; bó ṣe rí wọn, ó wolẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ta ló tún ohùn mi ṣe?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà nà án tọ́," ọ̀gá dáhùn. "Ohùn ẹ fọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá rà á á rò pé àwo ló bàjẹ́. Buwọ́ lùwé yìí, ká gbé e jáde."

"Mi ò buwọ́ lù ú."

"Tóò. Láìsí ìbuwọ́lù ẹ, kò ní jáde. Iṣẹ́ ọdún méjì nìyẹn o! Nítorí ọ̀rọ̀ kan? Kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì!"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára, torí òótọ́ ni. Bí àwo yìí ò bá jáde, ta ni yóò tún rántí rẹ̀? Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Ó fa àga, ó jókòó.

"Ẹ má bínú sà. Torí ìṣẹ́jú àáyá méjì yẹn ni mo ṣe kọ gbogbo èyí tó kù. Tí ẹ bá yọ ọ́, ẹ ya fọ́tò kọ̀ǹpútà yín sára páálí àwo, kó máa lọ kọrin fáwọn èèyàn. Èmi ò kúrò níbí."

Kò sì kúrò. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Ó bínú, ó ní òun á pe ẹ̀ṣọ́.

"Ẹ pè wọ́n. Ẹ sọ fún wọn pé mò ń ṣọ̀fọ̀ bàbá mi ni."

Ọ̀gá gbé ife kalẹ̀. "Tí kò bá wá tà ńkọ́?"

"A jẹ́ pé kò tà nìyẹn."

Ọ̀gá rí i pé kò ní dìde, ó yíjú sí Injiníà. "Dá a padà sí bó ṣe wà."

Injiníà ti tọ́jú ti tẹ́lẹ̀ pamọ́. Bọ́tìnnì kan péré ló tẹ̀. Orin bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kan "Bàbá mi, dáhùn," ohùn yẹn fọ́, ìyá rẹ̀ sì di apá àga mú, ó bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀, kò tíì sunkún rí.

Agídí ò ní kó dákẹ́. Ó gba báírò lọ́wọ́ ọ̀gá, ó buwọ́ lùwé.